Ìjókòó Tó Pòórá Nínú Pálọ̀ Kitione

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ Kitione, ẹ má wo ojú ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ọwọ́ yẹn dúdú bí ìdí ìkòkò. Gíríìsì ti wọ abẹ́ èékánná ẹ̀ débi pé tí pásítọ̀ bá ń bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó bá kan Kitione, ìka kan péré ni pásítọ̀ máa ń nà sí i. Ọkùnrin náà ga, ó tún sanra, àpótí kékeré kan báyìí ló sì máa ń jókòó lé. Téèyàn bá ń bọ̀ lókèèrè, kò ní rí àpótí yẹn rárá, á rò pé orí afẹ́fẹ́ ni bàbá náà jókòó sí.

Ilé ẹ̀ wà lẹ́bàá ojú irin tí wọ́n fi ń kó ìrèké wọ ìlú Labasa ní erékùṣù wa. Kò kọ nǹkan kan síwájú ilé pé òun ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kẹ̀kẹ́ tó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti sọ ọ́. Kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń gé ìrèké, kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ṣúgà, kẹ̀kẹ́ àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tí wọn ò ní iṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa gùn ún kiri lọ.

Ohun tó jẹ́ káwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ohunkóhun tó bá yọ lára kẹ̀kẹ́ ẹ, ó máa dá a padà fún ẹ. Ì báà ti jẹrà, ì báà ti ṣẹ́ sí méjì, á dì í sínú àkísà, á so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, á ní, "Tìẹ nìyẹn." Nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún, tìẹ nìyẹn. Súpókù tó ti wọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, tìẹ nìyẹn. Ìyá kan ládùúgbò wa ti kó ṣéènì ọkọ ẹ̀ jọ títí, ó fi ń so ìkòkò rọ̀ nílé ìdáná. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri Kitione láìtì í pa, tí wọ́n á bá ẹsẹ̀ wọn lọ láìkí ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà láàrin ìlú, tó ní dígí níwájú. Wọ́n ní èèyàn lè gbé bírékì tó dáa wọ ibẹ̀ kó gbé bírékì bàbá ẹlòmíì jáde. Èmi ò rí i o, etí ni mo fi gbọ́.

Nínú gbogbo àwọn oníbàárà ẹ̀, Bàbá Dhanraj ni ọ̀gá. Bàbá yìí fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ tún ẹ̀rọ ṣe nílé ṣúgà kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń ṣíwájú àwọn bàbá tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi omi gbígbóná tó ń sun látinú ilẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Wọ́n á débẹ̀, wọ́n á mu tíì, wọ́n á bú ara wọn dáadáa, wọ́n á padà wálé. Tí Bàbá Dhanraj bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ họ ọ̀fun, "hẹn-hẹn," á wo ọ̀run bíi pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yìn ìyẹn ni imú ẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, imú. Ẹnu kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Ìjókòó kẹ̀kẹ́ bàbá yìí, awọ ni. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i láti Íńdíà nígbà tí irun orí ẹ̀ ṣì dúdú. Ó ti jókòó lé e títí ó ti ya àwòrán ìdí ẹ̀ gẹ́lẹ́, apá ọ̀tún jìn ju apá òsì lọ. Nígbà tí ìṣó ara ẹ̀ já, ilé ṣúgà ló ti fi bàbà rọ òmíràn fúnra ẹ̀, ó sì kàn án mọ́ ọn. Ìyàwó ẹ̀ sọ fún màmá mi pé ìjókòó yẹn mọ ìdí ọkọ òun ju bóun ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ìdí nìyẹn tí Kitione kì í fi gbé kẹ̀kẹ́ bàbá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tàwọn tó kù. Inú ilé ló máa ń gbé e wọ̀. Bàbá rò pé ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí. Irọ́ ni. Nínú pálọ̀ ni, lórí ẹní tuntun, lábẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó Kitione àti Litiana. Litiana ìyàwó ẹ̀ ti ráhùn títí, ó ní kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ń sùn níbi tó tutù, òun ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń hanrun bí ọkọ̀ ìrèké.

Lọ́jọ́ tọ́rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, wíìlì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ bàbá ló wọ́. Kitione ti nà án tán, kẹ̀kẹ́ ti wà ní pálọ̀, ó ń retí olówó ẹ̀. Òun àti ìyàwó ẹ̀ bá lọ kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò tilẹ̀kùn. Ta ló ń tilẹ̀kùn lọ́dọ̀ wa? Litiana ló kọ́kọ́ padà dé. Nígbà tí Kitione máa fi wọlé, ẹ̀gẹ́ ti jinná, wọ́n ti fi omi àgbọn sè é, ó ń ta sánsán. Litiana ní Bàbá Dhanraj ló gbé e wá. Wọ́n jẹ ẹ́ nílé ìdáná, wọ́n fá ìkòkò, wọ́n lọ sùn.

Bàbá kò tíì wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí Kitione ti ń kí i.

"Bàbá, ẹ ṣé fún ẹ̀gẹ́ àná o. Ó dùn wọ eegun."

"Hẹn-hẹn. Ẹ̀gẹ́ wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ gbé wá."

"Èmi? Ẹlẹ́dẹ̀ ti hú gbogbo ẹ̀gẹ́ oko mi. Bóyá ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ló gbé e wá fún ẹ."

Kitione rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀, ó wọlé lọ gbé kẹ̀kẹ́. Litiana tó ń sá aṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń sá aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí Kitione máa jáde, ojú ẹ̀ ti dà bí ojú ẹja orí àtẹ. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀. Wíìlì ń yí dáadáa, ṣéènì ń dán. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí ìjókòó wà, irin ló nàró, ó ń nàka sí ọ̀run.

Bàbá wo irin yẹn. Ó wo Kitione. "Kiti. Ibo ni kí n jókòó sí?"

Wọ́n tú ilé. Wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo òkè àjà, wọ́n lé adìẹ kúrò lórí ẹyin wo abẹ́ ẹ̀. Kitione ń làágùn bí ẹni tó gun òkè. Ó sáré mú ìjókòó kẹ̀kẹ́ tòun alára wá, ó kúnlẹ̀, ó fẹ́ dè é. Bàbá dì í lọ́wọ́ mú, láìkọ gíríìsì.

"Ìjókòó kọ́ ni mò ń wá," ó ní. "Ohun tó ṣe é ni mo fẹ́ gbọ́. Tó bá jẹ́ pé o tà á, sọ pé o tà á."

"Mi ò tà á, Bàbá."

"Ta wá mú un?"

"Mi ò mọ̀."

"Nínú ilé ẹ? O ò mọ̀?"

Bàbá ní, "Ó dáa." Ó dáa yẹn ò dáa rárá. Ká ní bàbá lu Kitione ni, ì bá sàn. Ó ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ, kò wẹ̀yìn.

Ẹ mọ ìlú wa. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ilé ṣúgà, ó ti dé ọjà, ó ti gba ibòmíràn padà wá. Àwọn kan ní Kitione ti ta ìjókòó fún àwọn àlejò tó wá ṣe fàájì. Àwọn kan ní ẹ̀gẹ́ ló fi pààrọ̀ ẹ̀, ìyẹn ló ṣe ń dúpẹ́ ẹ̀gẹ́. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rín ló jọ, ṣùgbọ́n kò pa Kitione lẹ́rìn-ín.

Vinesh tó ń gẹ irun mú kẹ̀kẹ́ ẹ̀ wá. Ó há ìjókòó mọ́ abíyá, ó fi agogo kẹ̀kẹ́ sápò, gbogbo ìgbà tó bá sì ti mí, agogo á dún kín-ín. Kitione ní kí ló dé tó tú u palẹ̀ báyìí. Vinesh ní atẹ́gùn lòun ń fún un. Obìnrin kan nílé ṣúgà, Ruci ni wọ́n ń pè é, kò tiẹ̀ mú kẹ̀kẹ́ wá. Wíìlì nìkan ló gbé lé orí wá bí ẹni gbé igbá. Ẹnìkẹta ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Ó gun kẹ̀kẹ́ dé, kò sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí Kitione lẹ táyà báyìí, ibi tóun jókòó sí yìí tẹ́ òun lọ́rùn. Kitione lẹ táyà náà. Ọkùnrin yẹn ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́, ó fi ẹsẹ̀ kan ti ògiri, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀ bí ológbò ṣe ń wo ihò eku.

Wọ́n ń pè é ní àwàdà. Àwàdà tí wọ́n ń fi ojú ṣọ́ ọwọ́ èèyàn, irú àwàdà wo nìyẹn? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Láàárọ̀ Sátidé, àwọn bàbá gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú ilé ẹ̀, wọn ò yà. Bàbá Dhanraj ń bẹ níwájú, ó ti ra ìjókòó oníróbà ní ṣọ́ọ̀bù onídígí. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nílé, ó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ tó fẹ́ yé ẹyin.

Litiana sọ fún màmá mi pé Kitione ti ń sọ pé òun máa kó sípánà òun, òun máa padà sí abúlé òun ní Vatuloa lọ gbin kókò. Ó ní èèyàn lè tún táyà ṣe, ó lè na wíìlì, ṣùgbọ́n tí Bàbá Dhanraj ò bá padà gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ fún òun mọ́, kò sẹ́ni tó máa gbé tiẹ̀ fún òun. Òótọ́ sì ni. Bàbá yẹn ni gbogbo wọn ń wò.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn tí Nọ́ọ̀sì Vasemaca fi dé àdúgbò Bàbá Dhanraj.

Nọ́ọ̀sì tuntun ni. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá, ó sì ti ń gun kẹ̀kẹ́ yí àwọn abúlé etí òkun ká, ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbàlagbà. Obìnrin yìí, tó bá rẹ́rìn-ín, ajá á dìde. Ẹ̀rín ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, "hú, hú, hú," bí ẹni fẹ́ yí ẹ̀rọ, tó bá wá mú iná, kò ní dúró mọ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti ìdí máńgòrò, ó gbé tábìlì síbẹ̀, àwọn bàbá tò.

Nígbà tó kan Bàbá Dhanraj, nọ́ọ̀sì fi aṣọ ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru wé e lápá, ó ń fún un. Ó wo ojú ẹ̀rọ. Ó tún un fún. Ó tún wò ó.

"Bàbá, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan. Ìjókòó mi ni mo rí."

"Ìjókòó wo?"

"Èyí tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹ yẹn."

Nọ́ọ̀sì wo kẹ̀kẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní rárá o, ti tauvu òun ni, ọkùnrin Vatuloa kan tó ń jẹ́ Kitione. Ó ní òun, ọmọ abúlé Nukuseva ni òun.

Bàbá Dhanraj, ọmọ Íńdíà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n bí i sáàrin wa, ó mọ ohun tí tauvu ń jẹ́. Baba ńlá ará Vatuloa àti ti ará Nukuseva ló ti mọ ara wọn láti ayébáyé. Ọmọ ìhín lè wọ ilé ọmọ ọ̀hún láìkànkùn, kó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí iná, kó bú onílé mọ́ ọn, onílé ò gbọdọ̀ bínú. Tó bá bínú, òun ló tẹ́. Ìgbà tó bá kan tiẹ̀, kóun náà lọ gbé tọ̀hún.

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ ìjọba ti ya, ó ń gé òun jẹ. Ó gbọ́ pé ọmọ Vatuloa kan ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí, ó bá yà. Kò bá ẹnikẹ́ni nílé, inú ẹ̀ dùn gan-an, nítorí ìyẹn ló tún dùn jù. Ó yọ ìjókòó, ó bá tiẹ̀ lọ sí etí òkun.

"Kẹ̀kẹ́ pọ̀ níbẹ̀," Bàbá ní. "Kí ló dé tó jẹ́ tèmi lo rí?"

"Tiyín kẹ̀? Mi ò fọwọ́ kan tàwọn oníbàárà o, gbogbo wọn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tauvu mi ni mo wá jà lólè, kì í ṣe ará ìta. Ti pálọ̀ ni mo mú, èyí tó wà lórí ẹní lábẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó. Bàbá, ta ló ń gbé kẹ̀kẹ́ oníbàárà síbẹ̀ yẹn?"

Bàbá Dhanraj họ ọ̀fun. Ó wo ọ̀run. Ó tún un họ.

"Lábẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó?"

"Lórí ẹní tuntun."

Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé nọ́ọ̀sì. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Tauvu lèèyàn ń jà lólè, tó bá ti di ará ìta, olè gidi nìyẹn, nọ́ọ̀sì ìjọba sì ni. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ yọ ọ́ báyìí báyìí, kí bàbá jọ̀ọ́. Bàbá ní kó má yọ ọ́. Ó ní kó gùn ún bẹ́ẹ̀ lọ sílé Kitione, àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ ò bá rí wọn lójú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì níwájú lórí ìjókòó olówó iyebíye, Bàbá Dhanraj lórí róbà ẹ̀, ó ń ṣe "áà" níbi kòtò kọ̀ọ̀kan, àwọn bàbá yòókù lẹ́yìn, ẹni tí wọn ò tíì wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ náà ń bọ̀. Àwa tá a rí wọn ò bi wọ́n ní nǹkan kan, a kàn sá tẹ̀ lé wọn.

Kitione jókòó sórí àpótí ẹ̀, kò sí kẹ̀kẹ́ kan níwájú ẹ̀. Ó ń nu sípánà tó ti mọ́. Nọ́ọ̀sì ò kí i.

"Ẹ̀yin ará Vatuloa," ó ní, "ẹ̀yin tí baba ńlá yín wa ọkọ̀ wọ òkun tó gbàgbé àjẹ̀ sílé. Ṣé báyìí lẹ ṣe ń ṣọ́ ẹrù olówó ẹrù?"

Kitione gbójú sókè. Ó rí obìnrin tí kò mọ̀ rí. Ó rí ìjókòó lábẹ́ ẹ̀. Ó rí Bàbá Dhanraj. Ẹ ò bá rí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń gun ojú ẹ̀ bọ̀ díẹ̀ díẹ̀, bí omi tó fẹ́ hó.

"Nukuseva?" ó ní. Ohùn ẹ̀ kéré bíi tọmọdé.

"Ta ló tún kù?"

Àpótí yẹ̀ lábẹ́ Kitione. Ilẹ̀ ló bá ara ẹ̀, nínú gíríìsì, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́, a ò mọ èwo ló ń ṣe nínú méjèèjì. Nígbà tó rí èémí, ó ní, "Ìwọ jẹ́gúdújẹrá obìnrin yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ akàn tèèpo tèèpo. Kí ló dé tó ò fi àmì sílẹ̀?"

"Mo fi sílẹ̀ o. Mo fi ẹ̀gẹ́ ńlá kan gún orí irin yẹn, tuntun, tìdí tìdí. Ọmọ Vatuloa wo ló máa rí ẹ̀gẹ́ níbi ìjókòó tí kò ní mọ̀ pé tauvu òun ti wá?"

Kitione rọra yíjú sí ìyàwó ẹ̀. Gbogbo wa yíjú sí ìyàwó ẹ̀. Litiana wo ilẹ̀.

"Ó dùn," Litiana ní.

Ó ti rò pé ọkọ òun ló yọ ìjókòó láti fi epo pa á, pé Bàbá Dhanraj ló sì yà wá nígbà táwọn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó fi ẹ̀gẹ́ kọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀ bó ṣe máa ń fi nǹkan oko kọ́ ọ. Nígbà tí bàbá ní òun kọ́, ó ti jẹ ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, ojú tì í, ó bá gbé ẹnu dákẹ́. Kitione ní àmì kan ṣoṣo tí ì bá yọ òun, ìyàwó òun ló fi omi àgbọn sè é, ó gbé e fún òun jẹ, òun sì tún ní kó bu kún un. Ẹ̀rín nọ́ọ̀sì mú iná báyìí, gbogbo ajá àdúgbò dìde.

Nígbà tí ilẹ̀ tòrò díẹ̀, nọ́ọ̀sì yíjú sí Bàbá Dhanraj, ó fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ níṣojú gbogbo èèyàn. Bàbá ò jẹ́. Ó họ ọ̀fun, ó wo ọ̀run.

"Hẹn-hẹn. Ẹ gbọ́ ná. Obìnrin yìí gba nǹkan mi, kò tọrọ. Ṣé mo bínú sí i? Mi ò bínú sí i. Kí lẹ ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

"Tauvu," ni Vinesh dáhùn látẹ̀yìn. Mi ò mọ ìgbà tóun dé.

Bàbá ní ó tán. Ó na ọwọ́, ó ṣí fìlà koríko orí nọ́ọ̀sì láìtọrọ, ó dé e sórí ara ẹ̀. Ó ní, "Lóòótọ́, baba ńlá tèmi gba òkun wá ni, wọn ò bá tìẹ pàdé. Ṣùgbọ́n ìdí tèmi àti tìẹ ti pàdé lórí awọ kan náà, ìyẹn sì sún mọ́ra ju baba ńlá lọ."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àwọn bàbá ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ní òun ò ní wọn ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ lónìí, pé ẹ̀rọ òun máa bàjẹ́.

Kitione yọ ìjókòó lára kẹ̀kẹ́ ìjọba, ó wá èyí tó rọ̀ fún nọ́ọ̀sì nínú ẹrù ẹ̀, ó bú u bó ṣe ń dè é. Ẹ̀yìn náà ló dojú kọ kẹ̀kẹ́ bàbá. Ó yọ ìjókòó oníróbà, ó dì í sínú àkísà, ó so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ní, "Tiyín nìyẹn, Bàbá." Ó de awọ sí àyè ẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ṣọ́ ọwọ́ ẹ̀.

"Ó ti parí," Kitione ní. "Ẹ lè máa gùn ún lọ."

Bàbá Dhanraj di kẹ̀kẹ́ mú. Kò yí i sójú ọ̀nà. Ó tì í gun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tì í kọjá lára Litiana, ó wọ pálọ̀. A gbọ́ nígbà tó fi ti ògiri. Ó pẹ́ díẹ̀ nínú ibẹ̀, mo rò pé fọ́tò ló ń wò. Nígbà tó jáde, ọwọ́ ẹ̀ ṣófo.

"Bàbá, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é mọ́," Kitione ní.

"Mo mọ̀."

"Ìgbà wo lẹ máa wá gbé e?"

"Ìgbà tó bá wù mí," Bàbá ní. Ó tún fìlà nọ́ọ̀sì dé dáadáa, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé.